Ohun Tí Téèpù Rí

Kò sí òpùrọ́ tó tó Àtúnṣe ní gbogbo àdúgbò náà, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò parọ́ rí. Aṣọ ló fi ń pa á. Bí èjìká rẹ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rì, yà lọ́dọ̀ Àtúnṣe. Wàá jáde níbẹ̀ bí ọ̀gágun. Bí ìdí rẹ bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó tí wọ́n fi ń lọṣọ, Àtúnṣe á fi fóòmù kọ́ òkè méjì sí i, ẹni tó bá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ á sì gbàgbé ibi tó ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àtúnṣe nìyẹn: ibi tí Ẹlẹ́dàá bá fi iṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Maṣín méjì dojú kọ fèrèsé, tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ wà láàárín, áyọ́ọ̀nù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó máa ń tú èéfín bí ẹni tí inú ń bí láti àná, kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù sì wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì yìí ni Àtúnṣe ti ń wọn ènìyàn. Kì í kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kì í sì í pè é síta. Orí ló ń gbé e sí. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà: ohun tí téèpù bá rí, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin náà fún. Bọ́tìnì ni gbogbo ènìyàn ń pe àbúrò yìí, nítorí òun ló ń rán bọ́tìnì, òun ló ń ṣẹ́ etí aṣọ, òun náà ló ń gé fóòmù tó sì ń kì í sábẹ́ aṣọ. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, ara kan náà ni wọ́n sì ní. Bí Àtúnṣe bá rán gáùn fún ara rẹ̀, tí Bọ́tìnì bá jí i wọ̀, kò ní sí ibi tó máa fún un, kò ní sí ibi tó máa tóbi jù. Ẹnu nìkan ni wọn kò jọ pín dọ́gba. Ẹnu Àtúnṣe ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Ti Bọ́tìnì kò ní férémù pàápàá. Bí o bá fẹ́ kí gbogbo òpópónà mọ ohun kan kí ilẹ̀ tó ṣú, sọ ọ́ fún Bọ́tìnì kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti wọ inú ẹnu náà tí kò jáde mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá òsì rẹ̀, níbi tí ọmú ti bẹ̀rẹ̀, kókó kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀, lásìkò tí Àtúnṣe wà lórí ibùsùn ọsibítù, tí wọ́n ti gé ọmú òsì tirẹ̀ kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Kò tóbi. Kò dùn ún. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀, ó tún padà sí àyè rẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé. Bọ́tìnì da omi tó kù sára, ó wọṣọ, ó gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi gbogbo ọ̀sán yẹn pa á lẹ́rìn-ín títí tí nọ́ọ̀sì fi lé e jáde, pé okùn tí wọ́n fi rán egbò náà máa já.

Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ fún Wáyà, oníṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n jọ ń fẹ́ra, tí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ti ń sún mọ́lé. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tán. Tó bá ń wẹ̀, ó máa ń yí kànrìnkàn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, bí awakọ̀ ṣe ń yà fún kòtò tó ti mọ̀.

Kí Àtúnṣe tó padà dé láti ọsibítù, Bọ́tìnì ti rán ọmú kan pa mọ́ dè é. Kò tíì rán ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi òwú rírọ̀ sí àárín, ó há ìrẹsì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kó lè wúwo bí ẹran ara, ó fi sátíìnì bò ó, ó rán an débi pé abẹ́rẹ́ gan-an kò ní mọ ibi tí òun gbà wọlé. Bí o bá gbé e lé ọwọ́, ojú á tì ọ́, wàá fẹ́ tọrọ gáfárà. Ó dì í sínú páálí, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àtúnṣe jókòó. Kóòtù ńlá kan ló wọ̀ wá láti ilé. Ó yí nǹkan náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ojú rírán rẹ̀ bí ọ̀gá ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò.

"O ti jù mí lọ," ó ní.

"Ẹ fi sí i, Àǹtí mi, ká wò ó. Bí ẹnì kan bá fi lè mọ ìyàtọ̀, kí n lọ máa rán àpò símẹ́ńtì."

"Mi ò ní fi sí i."

Bọ́tìnì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àtúnṣe dìde, ó bọ́ kóòtù. Gáùn tó wà lábẹ́ rẹ̀, orí ibùsùn nílé ló ti fọwọ́ rán an. Apá ọ̀tún yọ síwájú gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe fẹ́. Apá òsì tẹ́, ó bọ́ wálẹ̀ tààrà láti èjìká dé ìbàdí, kò sí pẹ̀lẹ́ kò sí gáfárà, bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn oníbàárà ń bọ̀."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ìlẹ̀kùn kò tì."

"Kí ni wọ́n máa sọ?"

"Wọ́n á sọ pé wọ́n gé ọmú mi. Wọ́n sì gé e." Ó dá páálí náà padà sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ jẹ́jẹ́. "O kéré nígbà tí ìyá wa kú. Fóòmù àkọ́kọ́ tí mo rán láyé mi, àwọn ni mo rán an fún. Kókó yọ lọ́mú wọn, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i kí bàbá wa má mọ̀. Mo rán an, ó dára. Gbogbo ilé kò mọ̀. Tí wọ́n bá ń kérora, a ó ní àyà ló ń ro wọ́n. Bí mo bá rán an burúkú, tó bá já bọ́ sílẹ̀ lójú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ kan, bóyá bàbá wa ì bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dídára tó dára ló pa wọ́n."

Ọwọ́ ọ̀tún Bọ́tìnì ti gbéra, ó ti ń lọ sí abíyá òsì láìgbàṣẹ. Bó bá jẹ́ pé ó la ẹnu lákòókò náà, ìtàn yìí ì bá kúrú, ì bá sì dùn. Ó fi ọwọ́ náà họ ọrùn. Ìlẹ̀kùn ṣí, Tíṣà Àgbà wọlé.

Tíṣà Àgbà ni ọ̀gá iléèwé tó wà ní ìkángun òpópónà. Tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé kọjá, ìdí rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kí kíláàsì ọ̀tún, lẹ́yìn náà á kí ti òsì. Ìdí ọ̀hún, ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti wá. Síkẹ́ẹ̀tì tuntun ló wá gbà.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu. A dúpẹ́ pé…" Ojú rẹ̀ bọ́ sórí gáùn náà, ó sì sá gun òrùlé lọ.

"Tíṣà, kí lẹ ń wò lókè?"

"Àjà yín ni. Ó… ó dára."

"Àjà tó ń jò láti ọdún tó kọjá? Ẹ sọ ojú yín kalẹ̀. Ibí lẹ fẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ló mú un, wọ́n sì gé e."

Bọ́tìnì wá ihò abẹ́rẹ́ tí òun lè gbà jáde, kò rí. Tíṣà Àgbà rọra jókòó. Ìjókòó náà rọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ohun tó jókòó lé.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí. Tí mo bá gbé apá, ó máa ń fà mí bíi pé wọ́n rán mi kù díẹ̀."

"Ojú kò wá tì yín?"

"Ó tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá ló sú mi. Ìtìjú náà, iṣẹ́ ni, Tíṣà. Ẹ̀ẹ́ jí, ẹ̀ẹ́ fi sí i, ẹ̀ẹ́ ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Mi ò lágbára iṣẹ́ méjì."

Tíṣà Àgbà gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ. Bọ́tìnì ní ó parí, ọ̀rọ̀ náà ti wọ iléèwé, ọ̀la ni àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ wọn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Tíṣà Àgbà padà wá lóòótọ́, ó ru gbogbo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Bọ́tìnì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ṣé ẹ rí i.

"Ẹ tú wọn," Tíṣà ní. "Ẹ yọ fóòmù kúrò nínú gbogbo rẹ̀."

"Ah, mà, àwọn ọmọ iléèwé á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́," Bọ́tìnì ní.

"Wọ́n ti ń fi mí ṣe é tipẹ́. Lóṣù tó kọjá, mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ ṣíṣe lórí pápá, fóòmù ọ̀tún rìn wá síwájú. Ìdí mi wà níwájú, ẹnu mi ń wàásù. O rò pé wọn ò rí i?"

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí Àtúnṣe fi di ojú egbò rẹ̀ mú.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wàásù, kò sẹ́ni tó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Obìnrin kan ṣáà ń jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú ọmú kan, ó ń rán aṣọ, ó ń dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì. Fún ọdún gbọọrọ ni Àtúnṣe ti ń gé ṣòkòtò tó gùn wálẹ̀ bo bàtà onípèpéle rẹ̀, tí Adájọ́ sì ń kọ̀ láti rìn níwájú ènìyàn, á ti jókòó kí wọ́n tó dé, á dúró kí wọ́n lọ tán. Ó ní kí wọ́n gé ṣòkòtò òun bí ẹsẹ̀ òun ṣe rí. Ó ra ọ̀pá, ó sì ń tiro gba àárín òpópónà lọ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jiyàn, ó ń kí tọ̀tún tòsì.

Nígbà tó kan Wáyà, Bọ́tìnì ló yà lẹ́nu jù. Fìlà kò kúrò lórí Wáyà rí, ì báà ṣe inú ooru. Ó jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ lọ́jọ́ kan, ó ṣí fìlà. Àárín orí rẹ̀ dán, àpá sì gbà á kọjá bí ojú ọ̀nà. Okùn iná kan ló jó o nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, irun kò sì hù níbẹ̀ mọ́.

Bọ́tìnì wò ó. Ó yí i ká. "Orí iná rèé. Bí iná bá lọ, a ó kàn gbé ọ sórí tábìlì, a ó máa ránṣọ lọ."

"Mo rò pé wàá sá."

"Kí n sá fún orí? Ẹnu rẹ ni mo fẹ́, orí kàn bá a wá ni."

Wáyà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. "Ó tán. Kò sí ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ mọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Pẹ̀lú ẹnu mi yìí? Kí ló lè sá pamọ́ síbẹ̀?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bọ́tìnì náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ, ó dúró níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Iná tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá, àwọn tó wà lókèèrè ń yá a. Òun tó jókòó tì í, òtútù ló ń mú un. Kókó náà kò sì dúró dè é. Ó ti dàgbà. Èkejì ti yọ tẹ̀ lé e nínú abíyá, bí ẹni tí ayálégbé pè wá bá a gbé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó dé. Àtúnṣe ní òun ni òun máa rán an, kò sí télọ̀ mìíràn tó máa fọwọ́ kan an. Ó na téèpù, ó ní kí Bọ́tìnì wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Bọ́tìnì mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tó lè gba orí aṣọ mọ̀ pé egungun kan yẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ láti kékeré. Bí téèpù náà bá gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun jẹun yó, ikùn òun á purọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní òsúkè ń ṣe òun. Ó tún ní téèpù ń rìn òun ní gìrìgìrì.

"Láti ìgbà wo ni téèpù ti ń rìn ọ́ ní gìrìgìrì? Ìwọ tí o ń fi í so irun?"

"Ìfẹ́ ló fà á, Àǹtí mi. Ẹ fi ìwọ̀n tiyín gé e. Ara kan náà la ní."

"Ara wo? Èmi ti dín."

"Ti tẹ́lẹ̀ ni mo ní. Ẹ ṣì rántí bó ṣe rí, àbí?"

Àtúnṣe wo fèrèsé. "Mo rántí," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ó ń gé aṣọ ìyàwó àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara tirẹ̀ tí kò sí mọ́. Ó máa ń di ojú kó tó fa ṣọ́ọ̀kì, bí ẹni tó ń rántí ilé tí wọ́n ti wó. Kò sì rán an jìnnà tí ikọ́ fi dé. Lẹ́yìn ikọ́ ni ẹ̀yìn ríro. Dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti kúrò ní àyà, ó ti wọ egungun, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Àtúnṣe kò fi ìyẹn náà bò. Nígbà tí Tíṣà Àgbà béèrè pé ara ńkọ́, ó ní, "Ó ti padà dé, Tíṣà, ó mú ẹbí rẹ̀ wá," ó sì ń bá rírán rẹ̀ lọ. Orí àga tí wọ́n fi ìrọ̀rí tì lẹ́yìn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi òwú sí lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbà á ní ìgbà púpọ̀. Bí Bọ́tìnì bá sì na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, á gbá ọwọ́ náà dànù.

"Kò tíì kú tán," á wí. "Ọwọ́ ló máa kẹ́yìn lára mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, aṣọ náà parí. Wáyà wà níta lórí àkàbà, ó ń tún iná iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣe. Bọ́tìnì mú gáùn náà wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fa síìpù, ó pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ó bá mi mu. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń bọ́ ọ o."

"Jáde wá."

Ó jáde. Funfun aṣọ náà kò ní àbàwọ́n. Ọrùn rẹ̀ jókòó, ìbàdí rẹ̀ dì í mú bí ọ̀rẹ́, etí rẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibì kan ṣoṣo ni kò dùn ún wò. Láti abíyá òsì, aṣọ náà wú, ó fà, ó ká jọ lọ sí ọ̀gangan àyà.

Àtúnṣe wo ibẹ̀. Bọ́tìnì ń retí pé kó sọ ọ́. Ó tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ nínú pé kó sọ ọ́, kó fipá gba ẹrù náà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ pè é súnmọ́. Ó fi ìka méjì mú ibi tó ká jọ náà, ó fi í sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo ti ba á jẹ́," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Mo gé abíyá òsì kù. Ọ̀tún dára, òsì kéré. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan kò ní ṣe irú rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Mo rò pé mo rántí ara mi. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ náà ti kú, Bọ́tìnì, mo sì ń pariwo kiri pé kò tíì kú."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin tí kò sunkún nígbà tí dókítà mú ọ̀bẹ, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ní ó ti wọ egungun, ó ń sunkún lórí abíyá gáùn.

Bọ́tìnì dúró nínú aṣọ funfun náà. Kò nílò ju kó dákẹ́ lọ. Bó bá kàn dákẹ́ báyìí, tó ní kò burú, Àǹtí mi, a ó tú u díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kú, kò ní mọ̀ láéláé. Àmọ́ á kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ló kọ́kọ́ fi òun sílẹ̀.

"Ẹ gé e dáadáa," ó ní.

"Má pọ́n mi lé."

"Mi ò pọ́n yín lé. Ọwọ́ yín kò gé nǹkan kan kù." Ó kúnlẹ̀ síwájú àga. Ó mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, ó gbé e sí abẹ́ apá ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. "Ẹ wọ̀n ọ́n wò. Èmi ni mo lé."

Ọwọ́ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó rìn díẹ̀, ó dé orí kókó, ó yí i ká, ó lọ sí abíyá, ó rí èkejì. Kò gbọ̀n mọ́. Níta, Wáyà ń fi súfèé kọrin lórí àkàbà.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ẹ wà ní ọsibítù."

Àtúnṣe gbé ọwọ́ kan sókè láti gbá a létí. Agbára ìgbátí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ náà já wálẹ̀ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

"Mo ṣí àyà sílẹ̀ fún gbogbo òpópónà," ó ní. "Adájọ́ tí kò bá mi tan, ó gbọ́. Tíṣà gbọ́. Ìwọ tí a jọ mu ọmú kan, ìwọ kò gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ jù wọ́n lọ." Bọ́tìnì di ọwọ́ náà mú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Gbogbo wọn, gáùn yín ni wọ́n rí. Èmi ni mò ń pààrọ̀ báńdéèjì yín, Àǹtí mi. Èmi ni mo mọ bí ẹ ṣe ń ké tí mo bá tú u. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ sọ fún wa nípa ìtìjú, ẹ ò sọ fún wa nípa ẹ̀rù."

Àtúnṣe fa orí àbúrò rẹ̀ mọ́ apá àyà tó tẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ni mo ṣe òfin burúkú yẹn. Mo wọn gbogbo ayé, mi ò wọ̀n ọ́."

Bọ́tìnì dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú bí ọmọdé, ó jáde bẹ́ẹ̀ nínú gáùn ìyàwó. Wáyà wo ìsàlẹ̀ láti orí àkàbà, ó ti fẹ́ yin aṣọ.

"Kókó wà lọ́mú mi," Bọ́tìnì ní. "Ó ti pẹ́. Irú ti Àǹtí mi ni, mo rò. Mo parọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí o ṣí fìlà."

Wáyà sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkàbà náà kò ga. Ó dúró, súkúrúdíráífà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé.

"Ọ̀la la ó lọ ọsibítù ni, àbí òní?" ó bi í.

"Òní," Àtúnṣe ní láti inú ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà sọ gbólóhùn tí gbogbo dókítà ń sọ: ká ní ẹ tètè wá ni. Ó ní kò tíì kọjá àtúnṣe, àmọ́ kò lè ṣèlérí. Oògùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un kí kókó náà lè sún kì, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ. Oògùn náà wọ Bọ́tìnì lára, ó kó irun rẹ̀ lọ. Ó ní òun àti Wáyà ti wá di gílóòbù méjì, kí wọ́n máa san owó iná fún àwọn. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Àtúnṣe ní òun máa dúró de ọjọ́ ọ̀bẹ náà, òun máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́tìnì gbé omi gbígbóná lọ fún un, ó bá a tó ti lọ, ojú rẹ̀ sí fèrèsé.

Gáùn tó fọwọ́ rán lórí ibùsùn yẹn ni wọ́n fi sin ín, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe. Tíṣà Àgbà tẹ̀ lé òkú nínú síkẹ́ẹ̀tì tó bọ́ wálẹ̀ gbọọrọ. Adájọ́ takú pé òun máa bá wọn gbé pósí. Ó ń tiro, pósí sì ń tiro pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó wà níwájú ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ pé kó jù ú sílẹ̀, ó kọ̀. Bọ́tìnì rẹ́rìn-ín, ó kọjú sẹ́yìn láti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wó lulẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè é fún ọ̀bẹ. Òun àti Wáyà jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, láàárín àwọn tí àìsàn oríṣiríṣi kó jọ. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì na ọrùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá olè dúnàádúrà.

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín lónìí, mà?"

"Ọmú òsì ni wọ́n fẹ́ gé," Bọ́tìnì ní, ní ohùn tó fi ń pe oníbàárà láti òdìkejì títì. "Jẹjẹrẹ ni."

Bàbá kan tó ń ka ìwé ìròyìn gbé e sókè bo ojú. Obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà àwọ̀ ewé jókòó ní ìkángun. Kò dàgbà tó Bọ́tìnì. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sún síhà ọ̀dọ̀ Bọ́tìnì. Ó tún sún.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ṣé ó kọ́kọ́ máa ń dunni?"

"Kò dùn mí rárá. Ká ní ó dùn mí ni, mi ì bá ti pariwo."

"Àwọn kan ní tí kò bá ti dunni, kò sí nǹkan."

"Irọ́ ni." Àwàdà kan ti dé ẹnu Bọ́tìnì, ó dá a padà. "Èmi fi tèmi pamọ́. Mo fi pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, àrùn kan náà ń ṣe é, kò sì fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ni mo sìn wá o. Ojú ló ń dùn wọ́n."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn."

Wọ́n pe Bọ́tìnì. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún Wáyà, Wáyà gba báàgì rẹ̀, ó gba bàtà rẹ̀, kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kí òun gbà. Nígbà tí Bọ́tìnì dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn. Obìnrin náà ti ki ọwọ́ kan bọ inú súwẹ́tà, ojú rẹ̀ wà lára tábìlì nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra, àbí kò tíì gbéra. Ìlẹ̀kùn padé kí Bọ́tìnì tó rí i.